Fọ́ǹtì Wo Ló Mọ Orúkọ Ìlú Ìyá Mi?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo mú orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá mi lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ náà dá lórí orúkọ àdúgbò àti orúkọ agbo ilé ní Ìlobùú àti Ifọ́n. Bàbá yìí wà lára àwọn àgbà tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ti ṣèlérí pé wọ́n á rí ohun tí mo kọ kí n tó kó o fún alábòójútó mi. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ìlú bàbá ẹ nìkan lo mọ̀ ọ́n kọ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà ni. Ìgbà tí mo wo ojú ìwé náà fúnra mi ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìlobùú dúró ṣánṣán níbi gbogbo tó ti jáde, àmì ohùn rẹ̀ pé, kò sí èyí tó yẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ifọ́n-Ọ̀ṣun! Àmì òkè tó yẹ kó wà lórí ọ ti sún lọ sórí n. Ọ ńlá inú Ọ̀ṣun ti di àpótí òfìfo. Ṣ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sanra ju àwọn lẹ́tà tó yí i ká lọ, bí ẹni tó yá agbádà ẹlòmíì wọ lọ sóde. Ojú ìwé méjìdínlógún ni, bẹ́ẹ̀ ló sì rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lórí kọ̀ǹpútà mi nílé, mo lè búra pé gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá náà fi wọ̀ mí lára. Ìlú méjèèjì yìí sún mọ́ra débi pé àlejò lè kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì láìmọ̀. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ifọ́n náà sì jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ìgbéyàwó ti so wá pọ̀ tipẹ́, èmi gan-an sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀: ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, ọmọ Ifọ́n ni ìyá mi. Ṣùgbọ́n a kò lè díbọ́n pé ìjà ààlà ilẹ̀ kò sí láàrin wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kéde kónílé-ó-gbélé, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò sì kún ojú ọ̀nà. Àwọn èèyàn kú, ilé jóná. Lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí ọmọ kan tó jẹ́ ti ìhà méjèèjì bá gbé ìwé jáde, tí orúkọ ìlú kan pé, tí ti èkejì sì fọ́ yángá, ta ló fẹ́ gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló fà á?

Kọ̀ǹpútà ló sì fà á. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé nínú kíláàsì wa, a lè fa igi gírámà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó jókòó kọ́ wa ní nǹkan yìí rí.

Ẹ wo orúkọ Ìlobùú. Àwọn lẹ́tà tó ní àmì nínú rẹ̀ ni ì, ù àti ú. Àwọn ará Faransé, Ítálì àti Sípéènì ń lo irú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, nítorí náà wọ́n ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí Unicode tó jáde ní ọdún 1991. Kò sí fọ́ǹtì gidi kan tí kò ní wọn. Ṣùgbọ́n Ifọ́n-Ọ̀ṣun ní ọ́, ó ní Ọ̀, ó tún ní ṣ. Ọ àti ẹ tiwa rí ibi jókòó nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì nítorí pé èdè Vietnam náà máa ń fi àmì kékeré sí abẹ́ fáwẹ̀lì. Ẹni tó bá ṣe fọ́ǹtì fún wọn ti ṣe ìdajì tiwa láìmọ̀. Àwọn ará Vietnam kì í lo ṣ ní tiwọn. Àwọn tó ń fi lẹ́tà Látìnì kọ àwọn èdè Íńdíà ló nílò rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí fọ́ǹtì tó ní ẹ àti ọ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò ní ṣ rárá. Bí ẹ bá tẹ ṣ nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní kígbe. Yóò rọra lọ yá ṣ lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, yóò sì tì í sáàrin àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni agbádà àyálò yẹn ti wá.

Ti ọ́ tún ṣòro díẹ̀ sí i. Unicode fún ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún ó ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀, ẹ́ àti ọ̀ rí. Méjì ni kọ̀ǹpútà ń kọ pọ̀: lẹ́tà ọ, lẹ́yìn náà àmì òkè tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orí ọ wà. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà kò bá fi ibi ìjókòó yẹn hàn án, àmì á máa rìn gbéregbère, á forí sọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Àní m̀ pàápàá kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ǹ ní. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Nígbà náà, fọ́ǹtì burúkú kò ṣègbè fún Ìlobùú torí pé ó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo fọ́ǹtì burúkú pátá ló ń ṣègbè fún Ìlobùú. Mi ò mọ̀ bóyá kí n máa rẹ́rìn-ín ni àbí kí n máa sunkún.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Ifọ́n tiwa nìkan kọ́ ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Òmíràn wà ní ìpínlẹ̀ Òndó, bí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bá sì kọ "Olufon of Ifon", ẹni tó ń kà á ní láti wo ìsàlẹ̀ ìròyìn kó tó mọ ọba tí wọ́n ń sọ. Ọ̀ṣun tó wà nídìí orúkọ tiwa ló yà wá sọ́tọ̀. Ọ̀ṣun yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti tẹ ìwé mi sọ di àpótí.

Mi ò bá onítẹ̀wé náà jà. Mo padà sílé, mo ṣí àpò fọ́ǹtì inú lápútọ́ọ̀pù mi, mo sì kà wọ́n: wọ́n lé ní igba. Mo ti ń lo kọ̀ǹpútà yìí láti ọdún kejì mi, márùn-ún péré ni mo lè dárúkọ nínú wọn. Bí o bá tẹ fọ́ǹtì kan lẹ́ẹ̀mejì lórí Windows, yóò ṣí fèrèsé kan fún ọ tí yóò fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì hàn ọ́, èyí tó sọ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan fo ajá ọ̀lẹ kọjá. Gbogbo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀, títí kan q àti x tí a kò lò. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ẹni tó bá fi gbólóhùn yẹn yan fọ́ǹtì fún Yorùbá dà bí ẹni tó fi bàtà ọmọ aládùúgbò wọn ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù wà nítòsí, mi ò kàn mọ̀ ni. Lọ sí Settings, wọ Personalization, wọ Fonts, kí o sì yan fọ́ǹtì tí o fẹ́. Àyè kan wà níbẹ̀ tí o lè tẹ ọ̀rọ̀ tìrẹ sí, yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà hàn ọ́ nínú fọ́ǹtì yẹn. Font Book ń ṣe irú rẹ̀ lórí Mac. Àwọn tó ń lo Linux lè rí Font Manager, tó máa ń to fọ́ǹtì mélòó kan léra kí o lè fi ojú wé wọn. Èmi tún fẹ́ràn ọ̀nà àwọn aláìní: mo ṣí ojú ewé Word kan, mo tẹ gbólóhùn kan náà ní ogójì ìgbà, mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní fọ́ǹtì tirẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Orí ìwé ni òótọ́ ti máa ń jáde. Ìlà pupa tí Word ń fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, bí ẹni pé gbogbo wa ló ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ, máa ń bo àmì ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. O ò ní mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ àbí kò sí.

Gbólóhùn tí mo lò rèé:

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ̀ṣọ́ méjì ń ṣọ́ ọ̀nà Ìlobùú sí Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Ǹ bá tètè mọ̀, m̀ bá ti kí wọn.

Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ǹ bá kò tún yẹ kó kọ m̀ bá nínú gbólóhùn kan náà. Ẹ̀yin olùkọ́ fonọ́lọ́jì, ẹ dárí jì mí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ rí àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, mo tẹ gbólóhùn náà ní lẹ́tà dúdú kìrìkìrì, mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà tó dagun, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá jálẹ̀. Ibi lẹ́tà ńlá ni ọ̀pọ̀ ti ṣubú, nítorí pé àmì òkè Ẹ̀ àti Ọ̀ máa ń ga, bí ẹ bá sì ti há àlàfo ìlà mọ́ra, ìlà òkè á gé e lórí.

Àwọn tí ó yege pátápátá lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Charis SIL yege, Gentium yege, Noto Serif yege. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ SIL ló ṣe àwọn méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣe wọ́n fún irú wa gan-an, àwọn tó ń kọ èdè tó lámì. Google ló ni Noto, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú àwàdà: àpótí òfìfo tó ń jáde nígbà tí lẹ́tà kò bá sí ni àwọn oníṣẹ́ fọ́ǹtì ń pè ní tofu, Noto sì ní kò ní sí tofu mọ́. Doulos SIL náà dára, ó sì jọ Times New Roman bí ìbejì, ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo ló ní. Kò ní dúdú kìrìkìrì, kò ní dídagun. Bí o bá tẹ Bold nínú Word, Word á kàn fi tipátipá sọ ọ́ di dúdú, ojú rẹ̀ á sì wú. Ní ti àwọn fọ́ǹtì oníṣọnà tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́, tí àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú fẹ́ràn, mi ò rí ẹyọ kan lára àwọn tí mo ní tó gbé gbólóhùn náà délé. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, oríkì wọn tó wà lójú ìwé ètò ní ṣ, ó ní ẹ́. Ẹ ti mọ bó ṣe jáde. A pín in fún àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ilé wa. Ìwé ìlànà tí ẹ̀ka fún wa sọ pé Times New Roman, ìwọ̀n 12, ni kí gbogbo wa fi tẹ iṣẹ́ àṣekágbá, kí a sì fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Mi ò ní Times New Roman burú. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun ṣe dáadáa pẹ̀lú gbólóhùn mi. Ṣùgbọ́n orúkọ kan kì í ṣe fọ́ǹtì kan. Ẹ̀dà tó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀bù kò ní ohun tí ẹ̀dà tuntun ní, ẹni tó bá sì ń lo LibreOffice láìní Times, Liberation Serif ni yóò rí láì sọ fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn: fọ́ǹtì tí mo rí nílé kọ́ ni fọ́ǹtì tí onítẹ̀wé rí, orúkọ wọn ló kàn jọra. Ti ìlà abẹ́ àkọlé ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Yorùbá ní kí a fa ìlà gba orí àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ! Ẹ fa ìlà sábẹ́ "Ọ̀ṣun", kí ẹ wo ohun tó kù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ fi tápúráítà tẹ iṣẹ́ yín, mo ti rí wọn ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka. Bírò ni ẹ fi sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òmíràn ní yíǹkì búlúù, òmíràn ní pupa. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé kò sí àmì kan tó yẹ̀ lórí wọn. Àwọn tó tẹ̀ lé yín, tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáṣe inú díìsìkì kọ tiwọn, ni mo káàánú jù: lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi bo ẹ àti ọ, bí ẹ bá sì ṣí fáìlì wọn lónìí láìní fọ́ǹtì yẹn, ọ̀rọ̀ kantíkantí ni ẹ ó rí. Ṣé a wá fẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà Àjàyí Crowther, tí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, dé ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875, dé ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ ní 1965, àwọn èèyàn jókòó ṣàríyànjiyàn lórí àmì wọ̀nyí. Ìyẹn ni a ń kọ́ fún ìdánwò. A ò wá lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹ̀ka má dárúkọ fọ́ǹtì mọ́, kí ó fi gbólóhùn ìdánwò kan sínú ìwé ìlànà. Fọ́ǹtì yòówù tó bá gbé gbólóhùn náà láìfọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lò. Kí wọ́n yọ ìlà abẹ́ àkọlé kúrò, dúdú kìrìkìrì ti tó. Kí wọ́n sì sọ fún wa pé PDF ni kí a máa gbé lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, nítorí pé PDF máa ń gbé fọ́ǹtì rẹ̀ dání. Fáìlì Word kì í gbé e àfi bí a bá lọ sínú Options, tí a wọ Save, tí a sì ní kó gbé e. Kò ju ojú ewé kan lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú kíláàsì ní mo ń ṣe àṣejù. Ó ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mò ń sọ, àmì wà àmì ò sí. Ó tún ní èmi náà kì í sàmì sí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Òótọ́ ni. Mi ò sì ní tún gbé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ wá fún un, nítorí pé a ti gbọ́ ọ láti ọdún kìíní títí ó fi sú wa. Nínú gbólóhùn, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í ní gbólóhùn tó yí i ká. Orúkọ agbo ilé tó wà nínú àtẹ mi dá dúró ni, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ogún ọdún sí i, àmì tí mo fi sí i nìkan ló ní. Méjì nínú àwọn àgbà tó pe orúkọ wọ̀nyí fún mi ti kú báyìí.

Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti borí mi ni ti owó. Charis fẹ̀. Iṣẹ́ tó gba ọgọ́rin ojú ewé ní Times lè lọ sí àádọ́rùn-ún ní Charis, gbogbo ojú ewé ni onítẹ̀wé sì ń gba owó lé lórí, ẹ̀dà mẹ́ta sì ni ẹ̀ka ń béèrè. Mi ò ní èsì gidi sí èyí, ju pé Gentium kò gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń tẹ tèmi báyìí nìyẹn.

Mo kó àwọn fọ́ǹtì náà sínú fláàṣì, mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ọ̀gá onítẹ̀wé kò bá mi ṣe agídí. Ó ní kí n fi wọ́n sórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹ gbólóhùn mi wò, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ní èyí tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́, nítorí àwọn tó ń ṣe òkú. Mo ní mo ṣì ń wá a.

Mo mú ẹ̀dà tuntun lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ ìlú wọn láti ìlà dé ìlà, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé àtẹ agbo ilé, wọ́n dúró. Wọ́n ní ti ilé àwọn ló kù. Mo gbà á, mo wò ó dáadáa. Fọ́ǹtì kò jẹ̀bi níbẹ̀. Èmi ni mo ṣi àmì fi sí i.